Láti Ẹlẹ́fun Dé Lẹ́kí: Ta Ni Yóò Po Ìyẹ̀fun Tí Ń Fọ́ Epo Wa?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo yà sí ọjà Ajah láti ra ewébẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì gbé mi dé iwájú ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ewé àti egbò. Láàárín orógbó, kán-ún àti osùn tó pàtẹ, mo rí àwọn ìṣù funfun kan tí wọ́n tò jọ bí ẹ̀kọ tútù.

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Ṣé ẹfun nìyẹn?"

"Ẹfun ni, bọ̀dá mi, ojúlówó ni. Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń kó o wá fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ fi bọ nǹkan ni, àbí ẹ fẹ́ fi pa ara?"

Mo ní n kò fẹ́ fi bọ nǹkan, n kò sì fẹ́ fi pa ara. Àwọn ènìyàn kan ni mo fẹ́ fi hàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ojú ewé ìwé ìròyìn àtijọ́ wé ẹyọ méjì fún mi. (Ẹni tó ti jẹun nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn rí kò lè ṣàì wo ọjọ́ tó wà lórí bébà tí wọ́n fi wé ọjà rẹ̀. Ti ọdún 2019 ni.)

Ẹ̀yin òǹkàwé ni mo fẹ́ fi ẹfun náà hàn. Amọ̀ funfun tí Yorùbá ń pè ní ẹfun, tí a fi ń kun ojúbọ Ọbàtálá, tí àwọn baba wa fi ń kun ògiri ilé, ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè ní kaolin. Láti inú irú amọ̀ yìí ni a ti lè ṣe ohun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ zeolite. Zeolite ni agbára tó wà nínú ìyẹ̀fun tí ń ṣe iṣẹ́ tó le jù lọ nínú iléeṣẹ́ ìfọpo ńlá tó wà ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ibi tí ẹni tó gbéra láti Ajah lè dé kí oòrùn tó kanrí bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí iléeṣẹ́ náà ni a ti ń yọ̀ pé epo wa ti di èyí tí a ń fọ̀ nílé. Èrò mi lónìí ni pé ayọ̀ náà kò tíì kún. Òkèèrè ni a ti ń ra ìyẹ̀fun náà, bẹ́ẹ̀ amọ̀ tí a lè fi ṣe é wà nínú ilẹ̀ wa, ìmọ̀ rẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ohùn kan. A máa ń sọ pé wọ́n ń fọ epo, bí ẹni ń fọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà bá apá kan iṣẹ́ ọ̀hún mu, nítorí wọ́n ní láti yọ iyọ̀ àti imí-ọjọ́ kúrò lára epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń sọ epo rọ̀bì di owó ńlá, ohùn òkè ni ó yẹ kí a fi pè é: wọ́n ń fọ́ epo ni, bí ẹni ń fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́.

Ìpele kìn-ín-ní kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń pọn ògógóró rí. Wọ́n ń se ẹmu, ooru rẹ̀ ń gòkè, ó ń gba inú ọ̀pá kọjá, ó sì ń padà di omi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń se epo rọ̀bì nínú ilé gogoro onírin. Èyí tó fúyẹ́ gba òkè lọ, èyí tó wúwo jókòó sísàlẹ̀. Gáàsì ìdáná, bẹntiróòlù díẹ̀, epo ọkọ̀ òfuurufú àti dísù ń jáde ní ìpele-ìpele. Ohun tó ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ dúdú, ó sì ki, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó lè mu ún. Bí iléeṣẹ́ bá dúró síbẹ̀, apá ńlá nínú àgbá kọ̀ọ̀kan yóò di ọjà ẹ̀dínwó. Èròjà inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà gùn bí ẹ̀wọ̀n; àfi kí a já ẹ̀wọ̀n náà kí ó tó lè di bẹntiróòlù. Ooru nìkan lè já a, ṣùgbọ́n yóò já a bó ṣe rí i. Èròjà amúṣẹ́yá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní catalyst, ni ó ń já a síbi tí a fẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ kì í sì í di ara ohun tó ń jáde.

Ìyẹ̀fun ni catalyst yìí. Ó kúnná débi pé ìbú hóró kan nínú rẹ̀ kò ju ti fọ́nrán irun orí lọ, bí wọ́n bá sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, yóò máa ṣàn nínú ọ̀pá bí omi. Wọ́n á tú epo kíkì sínú rẹ̀ níbi tí ooru ti tó 500 sí 550 lórí òṣùwọ̀n Celsius, epo náà á sì fọ́ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Nígbà náà, èédú yóò ti bo hóró ìyẹ̀fun, yóò ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n á darí rẹ̀ sínú àgbá kejì, níbi tí atẹ́gùn yóò ti jó èédú náà dànù ní ooru tó súnmọ́ 700. Láti ibẹ̀ ni yóò ti gbé ooru padà wá sẹ́nu iṣẹ́, tí iná tó jó o yóò sì di iná tí a fi ń se epo tó kàn. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun ni ó ń yí po báyìí láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, tọ̀sán-tòru.

Kí ni ó wà nínú hóró tí kò tó nǹkan yìí? Ihò ni. Zeolite dà bí afárá oyin tí àwọn ihò rẹ̀ kò yàtọ̀ síra rárá. Nínú irú rẹ̀ tí a fi ń fọ́ epo, tí wọ́n ń pè ní zeolite Y, ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 0.74 nanometre, bẹ́ẹ̀ nanometre kan kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mìlímítà lọ. Inú àwọn ihò wọ̀nyí ni ẹ̀wọ̀n epo ti ń já. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí ní Ajah mọ bí pulọ́ọ̀tì kan ṣe tóbi tó: 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, tó jẹ́ nǹkan bíi 670 mítà onígun mẹ́rin. Bí ẹ bá lè tú gbogbo ògiri ihò tó wà nínú gírámù kan zeolite Y, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò tó pulọ́ọ̀tì kan tàbí kí ó jù ú lọ. Gírámù kan kò sì kún ṣíbí tíì. Ilẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ kò lè tà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn.

Axel Fredrik Cronstedt, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ó fún un lórúkọ ní ọdún 1756. Ó fi iná sí òkúta kan, omi tó wà nínú òkúta náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó sì fi èdè Gíríìkì pè é ní òkúta tí ń hó. Ó pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó rí i lò fún epo. Àní, nígbà tí Eugene Houdry, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà amúṣẹ́yá fọ́ epo fún títà kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́ sílẹ̀, amọ̀ tí wọ́n fi ásíìdì ṣiṣẹ́ lé lórí ni ó lò. Amọ̀ lásán-làsàn! Ní ọdún 1942 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń mú kí ìyẹ̀fun ṣàn bí omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Baton Rouge, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Charles Plank àti Edward Rosinski ti iléeṣẹ́ Mobil fi zeolite rọ́pò amọ̀, bẹntiróòlù tó ń jáde nínú àgbá epo kan náà sì pọ̀ sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mobil yìí kan náà ni ó gba ìwé àṣẹ lórí zeolite mìíràn, ZSM-5, ní ọdún 1972. Ihò tirẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun ìfọ́po, gáàsì propylene yóò pọ̀ sí i, láti inú gáàsì náà sì ni ike tí a fi ń hun àpò ìrẹsì ti ń wá, àti èyí tí a fi ń rọ àga tí gbogbo wa ń jókòó lé lóde ìnáwó.

Ẹ wá wo Lẹ́kí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, èyí tí wọ́n kọ́ láti lè lo 650,000 àgbá epo rọ̀bì lójúmọ́. Dísù àti epo ọkọ̀ òfuurufú ni ó kọ́kọ́ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà kí bẹntiróòlù tó jáde. Ẹ̀ka tí ìyẹ̀fun ti ń fọ́ epo kíkì níbẹ̀ lè gba nǹkan bíi 204,000 àgbá lójúmọ́. Ní ọdún 2025, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn òkèèrè kọ ọ́ pé wọ́n ti dá ẹ̀ka yìí dúró fún àtúnṣe. N kò sọ èyí láti fi bú ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀rọ ńlá tí kì í ní ìdádúró. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé, kí epo rọ̀bì kún inú táǹkì fọ́fọ́, kí gbogbo ilé gogoro máa hó, bí ẹ̀ka kan yìí bá dúró, bẹntiróòlù yóò dínkù, ọjọ́ tí bẹntiróòlù bá sì dínkù ni onímọ́tò tó ń ná Ajah sí Ẹ̀pẹ́ yóò ti fi owó kún owó ọkọ̀.

Ìrántí kan ń dà mí láàmú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí jálá kan tàbí lítà kan, ẹ pè é bó ṣe wù yín, fò láti 65 náírà sí 141 náírà lóru ọjọ́ kan, mo wà lára àwọn akọ̀ròyìn tí wọ́n rán jáde sí ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá obìnrin olùkọ́ kan pàdé tó ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti Ṣàngótẹ̀dó, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní owó oṣù òun kò lè gbé òun lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Mo kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, mo sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀, pé ọjọ́ tí a bá ní iléeṣẹ́ ìfọpo tó ń ṣiṣẹ́ ni ìyà náà yóò dópin. Inú mi dùn sí gbólóhùn náà nígbà yẹn. N kò mọ̀ pé iléeṣẹ́ ìfọpo náà ní oúnjẹ tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ máa jẹ.

Oúnjẹ ni mo pè é, n kò sì ṣe àsọdùn. Ìyẹ̀fun yìí kì í pẹ́ títí láé. Ooru àti ooru omi ń ba afárá inú rẹ̀ jẹ́. Díẹ̀ ń rún, ó ń bá èéfín lọ. Àwọn irin bíi nickel àti vanadium tó wà nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń pa agbára rẹ̀. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni iléeṣẹ́ ńlá ń yọ tọ́ọ̀nù mélòó kan jáde, tí ó sì ń da àkọ̀tun sí i. Dọ́là ni a fi ń ra àkọ̀tun náà. Àwọn tó ń ṣe é lágbàáyé kò pọ̀: Grace, Ketjen tó jáde láti ara Albemarle, BASF, àti Sinopec ti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó léwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ti rí láyé àwọn iléeṣẹ́ ìfọpo ìjọba. Port Harcourt bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1965, Warri ní 1978, Kaduna ní 1980, Port Harcourt kejì ní 1989. Òkèèrè ni ìyẹ̀fun ẹ̀ka ìfọ́po wọn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló pa àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyẹn, n kò ní purọ́ pé ìyẹ̀fun ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, a kò fi àǹfààní náà kọ́ bí a ti ń ṣe é.

Àwọn Yorùbá ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú ṣòkòtò. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà. Amọ̀ funfun pọ̀ níbẹ̀ gan-an, débi pé ìlú kan, Sandersville, ń pe ara rẹ̀ ní olú ìlú kaolin lágbàáyé. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀ a máa jẹ amọ̀ náà nígbà oyún, bí àwọn ìyá wa kan ti ń ṣe níhìn-ín. Ó dà bíi pé àṣà náà bá àwọn ẹrú wọ ọkọ̀ òkun. Lórí amọ̀ yìí ni iléeṣẹ́ Engelhard gbé ọ̀nà kan kalẹ̀: wọ́n á sọ kaolin di hóró róbótó, wọ́n á yan án nínú iná, wọ́n á sì jẹ́ kí zeolite hù nínú hóró náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí BASF ra Engelhard ní ọdún 2006, ọgbọ́n yìí wà lára ohun tó rà. Amọ̀ tí àwọn kan ń jẹ lẹ́nu, àwọn mìíràn sọ ọ́ di ọjà tí iléeṣẹ́ ìfọpo gbogbo ayé ń tò fún.

Ti ilẹ̀ Ṣáínà tilẹ̀ bá tiwa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àárín Ṣáínà àti Soviet dàrú, èròjà amúṣẹ́yá tí wọ́n ń rà níbẹ̀ kò sì wá déédéé mọ́. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Min Enze, tó kàwé gboyè ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, tó sì padà sílé ní ọdún 1955. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, wọ́n ti ń ṣe ìyẹ̀fun ìfọ́po fúnra wọn. Ní ọdún 2007, ìjọba Ṣáínà fún un ní ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lónìí Sinopec ń ṣe tirẹ̀, ó sì ń tà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí wọn kò rí ibòmíràn yà sí ni wọ́n kọ́ ọ. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé dandan ni kí ẹlòmíràn ti ilẹ̀kùn mọ́ àwa náà kí a tó bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé a kò mọ̀ ọ́n. Ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ti fi amọ̀ Kankara, ní ìpínlẹ̀ Katsina, ṣe zeolite irú Y, wọ́n sì ti tẹ ìwádìí wọn jáde láti ọdún 2007. Wọ́n ti gbé amọ̀ Ahoko, ní ìpínlẹ̀ Kogí, lọ sí Yunifásítì Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ Nàìjíríà kan ti fi ṣe oríṣiríṣi zeolite, tó sì fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Èyí tó wọ̀ mí lára jù lọ ni ti Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà: amọ̀ ibì kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn olùwádìí ibẹ̀ fi ṣe zeolite Y, tí wọ́n sì fi í wé èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Orúkọ ibi tí amọ̀ náà ti wá ni Ẹlẹ́fun. Àwọn baba wa ti kọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ náà sára orúkọ rẹ̀ kí onímọ̀ kankan tó dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù, ṣùgbọ́n kì í ṣe awo. Wọ́n á fọ iyanrìn kúrò lára amọ̀, wọ́n á yan án nínú iná títí tí ìdè inú rẹ̀ yóò fi tú. Wọ́n á fi ásíìdì yọ díẹ̀ nínú alumina rẹ̀, nítorí ó pọ̀ jù fún zeolite Y. Wọ́n á fi kọ́sítíìkì sódà àti omi sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ó sinmi, lẹ́yìn náà wọ́n á sè é ní ooru tó tó ti omi híhó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ohun tó bá jókòó sísàlẹ̀ ni zeolite. Ọ̀nà ṣì jìn láti ibẹ̀ dé ìyẹ̀fun ìfọ́po: wọ́n ní láti yọ sodium rẹ̀ kúrò, kí wọ́n fi irin bíi lanthanum fún un lágbára, kí wọ́n sì po ó mọ́ amọ̀ àti ohun tí yóò so ó pọ̀ kí ó lè le. Ibi tí iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa máa ń dúró sí nìyẹn. Wọ́n ṣe gírámù díẹ̀, wọ́n kọ ìwé, ìwé náà wọ ilé ìkàwé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ láti orí gírámù kìn-ín-ní.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ ẹnjiníà, tó ti ṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ ìfọpo lókè òkun, fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi nígbà tí mo ka àbá yìí sí i létí lórí fóònù. "Àbúrò, ṣé o rò pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń fò níbẹ̀ ni? Ìyẹ̀fun tí kò bá le tó yóò rún, yóò bá èéfín lọ, yóò jẹ ẹ̀rọ tọ́báìnì. Ọjọ́ kan péré tí ẹ̀ka yẹn bá dúró, owó tó bá a lọ ju owó oṣù gbogbo yunifásítì tí o ń dárúkọ lọ. Ta ni yóò fi ọwọ́ sí i?"

Òótọ́ ni ó sọ. N kò retí kí ọ̀gá iléeṣẹ́ kankan da ìyẹ̀fun tí a po ní yàrá ìwádìí sínú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́la. Àgùntàn kì í sì í bí ewúrẹ́: ẹni tí kò tíì ṣe èyí tó rọrùn kò ní dédé ṣe èyí tó le. Ṣùgbọ́n èyí tó rọrùn wà. Zeolite A ni wọ́n fi ń sọ omi líle di ẹ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun, kaolin sì yẹ ẹ́ ju bó ṣe yẹ irú Y lọ, nítorí ìwọ̀n silica àti alumina inú méjèèjì dọ́gba. Kò sí pé a ń fi ásíìdì yọ ohunkóhun. Zeolite náà ni ó wà nínú ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́: ó di nitrogen mú, ó jẹ́ kí ọ́síjìn kọjá. Ẹni tó bá rántí bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá àgbá ọ́síjìn kiri Èkó nígbà àrùn Kòrónà, ní ọdún 2020 àti 2021, kò ní bi mí bóyá ọjà wà fún un. Iléeṣẹ́ tó bá ń ṣe ìwọ̀nyí fún ọdún márùn-ún yóò ti mọ bí a ti ń ṣe tọ́ọ̀nù ẹgbẹ̀rún kan tí kò yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn náà ni ó lè kan ZSM-5, nítorí díẹ̀ ni wọ́n máa ń pò mọ́ ìyẹ̀fun tó ti wà nínú ẹ̀rọ, bí kò bá sì dára, wọ́n á dáwọ́ dúró kí ó tó ba nǹkan jẹ́. Bí wọ́n ti ń dán ìyẹ̀fun tuntun wò níbi gbogbo lágbàáyé náà nìyẹn: nínú ẹ̀rọ kékeré lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó fi í kún ti inú ẹ̀rọ ńlá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyẹn lè ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ó nílò ẹni tí yóò ṣèlérí láti rà á."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Owó ìwádìí kì í ṣe ohun tí a kò ní rárá. Àjọ PTDF wà láti ọdún 1973 fún ìmọ̀ ẹ̀rọ epo rọ̀bì. Àjọ tí ń rí sí ìwádìí àwọn ohun àmúṣọrọ̀ ilẹ̀ wa, RMRDC, ti wà láti ọdún 1987. Òfin ọdún 2010 tó ń gbé iṣẹ́ epo sí ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn àdéhùn iṣẹ́ ìwapo sínú àpò ìdàgbàsókè. Ohun tí kò sí ni oníbàárà. Kò sí oníṣòwò tí yóò kọ́ iléeṣẹ́ zeolite sí ẹ̀bá Abẹ́òkúta nítorí pé ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n kan dára. Yóò kọ́ ọ bí iléeṣẹ́ ìfọpo bá fi ọwọ́ sí ìwé pé, bí ìyẹ̀fun rẹ bá yege nínú ìdánwò báyìí-báyìí, a ó ra ìwọ̀n báyìí lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́wàá. Inú agbègbè òwò ọ̀fẹ́ ni iléeṣẹ́ Lẹ́kí wà, ìjọba sì ti yọ̀ǹda oríṣiríṣi owó orí fún àwọn tó wà níbẹ̀. Kò burú bí àwa tí a yọ̀ǹda bá béèrè fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìdápadà. Bí ọjà Nàìjíríà kò bá tó, Tema ní ilẹ̀ Gánà náà ní ẹ̀ka ìfọ́po, ọkọ̀ ojú omi láti èbúté Lẹ́kí kò sì ní pẹ́ débẹ̀.

Apá kan ṣì wà tí àwọn ará Ìbẹ́jú-Lẹ́kí kì í béèrè, tó sì yẹ kí wọ́n béèrè. Ìyẹ̀fun tó ti kú, tí nickel àti vanadium ti lẹ̀ mọ́, níbo ni wọ́n ń kó o lọ? Èyí kì í ṣe ẹ̀sùn. Gbogbo iléeṣẹ́ ìfọpo tó ń fọ́ epo ni ó ní irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, òkun sì wà lápá kan wọn níbẹ̀, ọ̀sà wà lápá kejì, àwọn apẹja ń jẹun láti inú méjèèjì. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, wọ́n ń kó o lọ sí iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì, nítorí alumina àti silica tó wà nínú rẹ̀ wúlò fún sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ni iléeṣẹ́ ìfọpo Lẹ́kí náà ni ó ni iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bóyá wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó dára. Kí wọ́n tẹ ìwọ̀n rẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí àwọn baálẹ̀ àti àwọn apẹja lè kà á. Bí a bá sì ṣe é tán pátápátá, amọ̀ yóò jáde láti Ògùn, yóò ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí, yóò padà sí Ògùn láti di búlọ́ọ̀kù ilé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Alhaji Aliko Dangote kéde pé òun fẹ́ fẹ iléeṣẹ́ náà lójú, láti 650,000 àgbá dé mílíọ̀nù kan àti 400,000 lójúmọ́. Ìròyìn tún jáde nípa àdéhùn pẹ̀lú Honeywell ti Amẹ́ríkà, tí ìpèsè catalyst wà nínú rẹ̀. N kò rí ohun tó burú nínú pé kí ènìyàn ra ohun tó dára lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó bá fẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ yóò jẹ ìyẹ̀fun púpọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ, ìgbà tí wọ́n sì ń kọ àdéhùn tuntun ni a lè fi gbólóhùn tuntun sí i. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin tó ń ṣojú Ẹ̀tì-Ọ̀sà, Ìbẹ́jú-Lẹ́kí àti Ẹ̀pẹ́ ní Abuja dìde, kí wọ́n béèrè ní gbangba iye tọ́ọ̀nù ìyẹ̀fun tó ń wọlé lọ́dún kan, iye dọ́là tó ń bá a jáde, àti iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n lè fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe é láti inú amọ̀ Ẹlẹ́fun. Bí wọ́n bá nílò ẹfun tí wọn yóò gbé sórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń béèrè, méjì wà nílé mi.